Òkè Ẹ̀fọ̀n àti Ọkọ̀ Àtijọ́: Ká Wà Á Lọ Ni, àbí Ká Gbé E?

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ ní Èkó, tí wọ́n sì pè é síbi ayẹyẹ ní Èrìjìyàn-Èkìtì, ìbéèrè kan wà tí kò lè yẹ̀ sílẹ̀: ṣé yóò wa ọkọ̀ náà débẹ̀ ni, àbí yóò háyà lóbẹ́ẹ̀dì tí yóò bá a gbé e lọ? Lóbẹ́ẹ̀dì tí mò ń wí ni ọkọ̀ ńlá ẹlẹ́yìn pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ mìíràn. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ nílùú òyìnbó ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ti so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ orí tírélà gbà pé òun ti yọ ọ́ nínú ewu. Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ọkọ̀ ńlá gan-an ni ewu ń bá jà jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kàn ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe níbòmíràn. Kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ níbi tó yẹ ká gbé e, kó sì wà á níbi tó yẹ ká wà á. Òkè Ẹ̀fọ̀n wà lára ibi tó yẹ ká wà á.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti Èkó gba Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Bí a bá fi Iléṣà sílẹ̀, a ó kan Ìwàràjà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pínyà: ọ̀kan forí lé Àkúrẹ́, èkejì gba Ẹ̀rìnmọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Lẹ́yìn Ẹ̀rìnmọ̀ ni ilẹ̀ ń gbé orí sókè. Òkúta dúró lápá kan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jìn lápá kejì, kọ́nà sì ń tẹ̀lé kọ́nà títí a ó fi wọ Ẹ̀fọ̀n. Láti Ẹ̀fọ̀n, ọ̀nà tún sọ̀ kalẹ̀ dé Ìtáwúrẹ́, níbi tí ẹni tó ń lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ìjerò ti ń yà. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa yóò gba Èrìò dé Àrámọ̀kọ̀, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, yóò sì ti ibẹ̀ yà sí Èrìjìyàn. Bó bá tún ń lọ síwájú, Ìkọ́gòsì ló kàn. Àwọn òkè tó lọ láti Ẹ̀fọ̀n dé Òkè-Ìmẹ̀sí yìí náà ni àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fẹ̀yìn tì nígbà ogun Kírìjì tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí ọmọ ogun Ìbàdàn sì jà títí tí wọn kò rí wọn ṣẹ́.

Kì í ṣe ohun àjèjì lójú ọ̀nà yìí kí tírélà dojú dé, tàbí kó já wọ inú igbó pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń fà á. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ìwúwo rẹ̀ ló ń fà á wá sísàlẹ̀. Bíréèkì ló ń gba agbára yẹn, tó sì ń sọ ọ́ di ooru. Bí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó ni ooru náà ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí n fi MGB ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì tí wọ́n ṣe ní Abingdon, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1962 sí 1980. Irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe jáde lé ní 500,000, nítorí náà òun ni ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ tí èèyàn lè tètè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. MGB kò fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Lóbẹ́ẹ̀dì tó gbé e lẹ́yìn lè wúwo tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, ooru tí yóò pa bíréèkì rẹ̀ lórí òkè kan náà yóò sì tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá tó wà lójú ọ̀nà wa ló ń lo bíréèkì onídírọ́ọ̀mù. Bí dírọ́ọ̀mù bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, irin rẹ̀ á fẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ láínìnì, láínìnì fúnra rẹ̀ á sì máa yọ̀. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kò ní dá a lóhùn. Bíréèkì iwájú MGB jẹ́ onídísìkì, ó wà ní gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i, ó sì máa ń tètè tutù. Bí ẹni tó ń wà á bá tún fi jíà kejì sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà á bá a di ọkọ̀ mú.

Ọ̀rọ̀ ìdè tún wà níbẹ̀. Ní ìlú òyìnbó, ọ̀já pẹlẹbẹ tó lágbára ni wọ́n fi ń so ọkọ̀ àtijọ́ mọ́ orí tírélà, táyà rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ọ̀já náà gbá mú, kí ara ọkọ̀ lè máa mì sókè-sódò lórí sípíríìnì rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, okùn àti ṣéènì ló pọ̀ jù, ibi tí okùn bá ti bá irin pàdé lábẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́. Wọn á fi igi há ẹ̀yìn táyà, wọn á fa hándì-bíréèkì, ó parí. Hándì-bíréèkì ọkọ̀ àtijọ́ kì í di ju táyà ẹ̀yìn méjèèjì mú, wáyà tí ń fà á sì ti dàgbà tó ọkọ̀ náà. Gbogbo kòtò tí lóbẹ́ẹ̀dì bá fò ni okùn yẹn ń mọ̀ lára. Bó bá dẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á máa jó lẹ́yìn. Bó bá le jù, á máa fa irin abẹ́ ọkọ̀ ya. Ẹni tó ní ọkọ̀ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ kékeré yẹn kún gíga lóbẹ́ẹ̀dì, tí ẹ sì mú un yí kọ́nà lórí òkè, ẹ ó rí i pé ewu méjì la so pọ̀.

Èyí kò wá sọ wíwà á di ohun tó rọrùn láti Èkó dé Èrìjìyàn. Ó lè tó 300 kìlómítà, ọ̀tọ̀ sì ni ìyà tó ń jẹ ọkọ̀ àtijọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, tó gùn tó nǹkan bíi 127 kìlómítà, ni mo bẹ̀rù jù fún un. Kì í ṣe nítorí òkè, torí kò ní òkè tó ṣòro. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni. Nínú MGB ìṣáájú, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí fáànù tí ń tu omi radiétọ̀ lára. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, tí ẹ́ńjìnnì rọra ń ṣiṣẹ́, fáànù náà á rọra máa yí, ooru á sì máa gorí ooru. Epo tó wà nínú páìpù lè hó kó tó dé kábúrétọ̀, ọkọ̀ á kú, kò sì ní tètè jí. Títí di 1967, dáínámò ni MGB ń lò láti fi gba iná sí bátìrì. Bí ọkọ̀ bá dúró, iná tí dáínámò ń mú wá kéré gan-an. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, tí ẹ tan iná iwájú àti wáípà pọ̀ nítorí òjò, bátìrì ni yóò máa san gbèsè. Ẹ tún rántí pé kò sí ààbò kankan fún ọkọ̀ kékeré tó sún mọ́lẹ̀ láàárín àwọn táńkà epo àti bọ́ọ̀sì tí ń sáré já wọ iwájú ara wọn. Awakọ̀ tírélà ò tilẹ̀ ní rí i láti orí àga rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, ohun tí n ó sọ ni pé kí ẹ gbé e láti Èkó dé Iléṣà, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sun Iléṣà, kí ẹ sì wà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì gba Ẹ̀rìnmọ̀ àti Ẹ̀fọ̀n dé Àrámọ̀kọ̀ àti Èrìjìyàn. Bí ọkàn yín bá kọ òkè náà pátápátá, ẹ má fi lóbẹ́ẹ̀dì gùn ún. Ẹ jẹ́ kó gba ọ̀nà Àkúrẹ́ dé Ìgbàrà-Òkè, kó yà sí Ìgbàrà-Odò, kó sì ti ìhà Ìkọ́gòsì wọ Èrìjìyàn. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn awakọ̀ tí ń ná ibẹ̀ bí ọ̀nà náà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn, torí òjò kan lè yí ohun gbogbo padà. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ọkọ̀ ńlá tó ga, tó wúwo, tí bíréèkì rẹ̀ ò dá wa lójú, gbé ọkọ̀ tó lè fúnra rẹ̀ rìn gorí Òkè Ẹ̀fọ̀n.

Àwọn tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́ náà ló ń pín ìrìn báyìí. Lọ́jọ́ 14 oṣù kọkànlá 1896, àwọn onímọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rìn láti Lọ́ńdọ̀nù dé Brighton, wọ́n fi ń yọ̀ pé òfin tuntun ti dá mọ́tò sílẹ̀ láti sáré ju bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1927 wọ́n tún ìrìn náà bẹ̀rẹ̀ fún ìrántí, wọ́n sì ṣì ń ṣe é títí di òní ní oṣù kọkànlá. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn 1904 kò gbọdọ̀ bá wọn rìn. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ni wọ́n ń fi tírélà gbé wọ Lọ́ńdọ̀nù, torí kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò wa ọkọ̀ 1900 lójú ọ̀nà márosẹ̀ tòní. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Hyde Park, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń rin nǹkan bíi 60 máìlì dé etí òkun. Òjò a máa pa wọ́n, òtútù a máa mú wọn, àwọn kan a sì dúró lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí èrò jáde wá wò náà nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, Pebble Beach ní California ni wọ́n ti ń ṣe ìfihàn ọkọ̀ àtijọ́ tó gbajúmọ̀ jù láti 1950. Ọkọ̀ tí ń dán gbinrin, tí wọ́n fi owó rẹpẹtẹ tún ṣe, ni wọ́n ń kó wá, tírélà tí wọ́n bò lórí ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń bá dé. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣètò rí i pé ọkọ̀ wọ̀nyí ti fẹ́ di ère. Láti 1998, wọ́n fi ìrìn ojú ọ̀nà kan kún ìfihàn náà, tí ọkọ̀ lè fúnra rẹ̀ rìn ṣáájú ọjọ́ ìdájọ́. Bí ọkọ̀ méjì bá gba máàkì dọ́gba nínú kíláàsì kan, èyí tó parí ìrìn náà ni wọ́n ń gbé borí èkejì. Mo fẹ́ràn òfin yẹn gan-an. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má lo tírélà, ṣùgbọ́n ó fi èrè sí ọwọ́ ẹni tó wà á.

Àwọn ará Kẹ́ńyà náà mọ ọgbọ́n yìí. Láti 2003 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ tó tẹ̀lé ipasẹ̀ ìdíje Safari tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1953. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ̀ àwọn àlejò ti ń dé, nínú kọ̀ńténà. Bí wọ́n bá ti kó wọn jáde, ó di inú eruku, òkúta àti ẹrọ̀fọ̀.

Bí ó bá wá kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ Píjó 504 sẹ́yìn. Ní Côte d'Ivoire, ìdíje ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Bandama. Ní 1972, ọ̀nà ìdíje náà le débi pé kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. Píjó wà lára àwọn tí wọ́n gbé àyà sí i lọ́dún náà, wọ́n sì fi ìyà tó jẹ wọ́n kọ́gbọ́n. Ní 1975, Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú Safari. Ní 1976, Timo Mäkinen fi í gba Bandama. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 Coupé gba Safari àti Bandama nínú ọdún kan ṣoṣo. Coupé yìí ni ọkọ̀ ẹlẹ́nu-ọ̀nà-méjì arẹwà tí ilé iṣẹ́ Pininfarina ti Ítálì ya àwòrán rẹ̀, tó jáde ní 1969. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Píjó ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 jọ fún wa, tí ilé iṣẹ́ Volkswagen lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ tí a ń pè ní ìjàpá. Ẹni tó bá ní 504 Coupé lónìí, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tí wọ́n ti dán wò lórí ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ló ní. Ó máa dùn mí bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbé e gun ẹ̀yìn lóbẹ́ẹ̀dì láti Iléṣà dé Èrìjìyàn.

Agbára ọkọ̀ nìkan kọ́ ló fún Píjó ní ipò kìíní. Ọkọ̀ mìíràn ń tẹ̀lé wọn, mẹkáníìkì, táyà àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gan-an rèé. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ àtijọ́ gba Òkè Ẹ̀fọ̀n, kó má dá lọ. Kí ọkọ̀ kejì tẹ̀ lé e, kí mẹkáníìkì sì jókòó sínú rẹ̀.

Irú mẹkáníìkì wo? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ọkọ̀ tókúńbọ̀ lónìí gbọ́n, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki bọ ọkọ̀ lábẹ́ sítíárì, ẹ̀rọ náà á sì ka àìsàn ọkọ̀ fún wọn. Ọkọ̀ 1965 kò ní ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ náà bọ̀. Etí ni wọ́n fi ń gbọ́ àìsàn rẹ̀, imú ni wọ́n fi ń gbóòórùn rẹ̀. Àwọn bàbá tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣì wà ní Adó, ní Iléṣà, ní Ìjerò àti láwọn ìlú kéékèèké tó yí wọn ká. Wọ́n mọ bí a ṣe ń fi abẹ tín-ínrín wọn àlàfo kọ́ńtáàkì, bí a ṣe ń yí dísítíríbútọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnnì á fi dọ́gba, bí a ṣe ń tú kábúrétọ̀ lójú ọ̀nà, ká fẹ́ ihò rẹ̀, ká sì dá a padà láìsí pé ìdè kan kù nílẹ̀. Lára Morris, Austin, ìjàpá àti Píjó 404 ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ti dàgbà. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kò rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́ lára mọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù nípa gbígbé ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà nìyí. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé lọ, tí wọ́n gbé bọ̀, kò ní bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bí kò bá sì bàjẹ́, kò ní yà ní ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Kò ní sí bàbá kan tí yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójú ọmọ iṣẹ́, tí yóò sọ pé, “Wá, fi ọwọ́ kan ibí yìí, ṣé o gbọ́ bó ṣe ń kọ́?” Owó tí ìbá wọ àpò fọkanáísà, rẹwáyà àti mẹkáníìkì láàárín Ẹ̀rìnmọ̀ àti Àrámọ̀kọ̀ á wọ àpò ẹni tó ni lóbẹ́ẹ̀dì ní Èkó. Ọkọ̀ á máa dán, ìmọ̀ tó gbé e ró á sì máa kú lọ. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ náà á kọ̀ láti ta, kò sì ní sí ẹni tí a ó pè.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ ní ṣókí. Ẹni tó bá fẹ́ wà á, kó pààrọ̀ omi bíréèkì kó tó kúrò ní Èkó, torí omi bíréèkì tó ti pẹ́ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi yẹn á sì hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná lórí òkè. Kó wo ọjọ́ orí táyà rẹ̀, kó má wo ojú rẹ̀ nìkan. Rọ́bà tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń yí kọ́nà Ẹ̀fọ̀n, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ń dán. Fáàn-bẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá rọ́bà radiétọ̀, kọ́ńtáàkì, púlọ́ọ̀gì, pọ́m̀pù epo àti omi mímọ́ ni kó kó sínú búùtù. Ọ̀rọ̀ epo náà wà níbẹ̀: láti oṣù kìíní 2006 ni òjé ti kúrò nínú bẹntiróòlù ní gbogbo gúúsù Sàhárà. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó gbára lé òjé láti dáàbò bo ìjókòó fáàfù rẹ̀ nílò ìjókòó tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó máa gun òkè pẹ̀lú agbára. Ẹni tó bá ní MGB tí wọ́n ṣe ṣáájú ìparí 1967, kó mọ̀ pé jíà kìíní rẹ̀ kì í wọlé ní ìrọ̀rùn nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Bó bá jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́ra jù lẹ́yìn tírélà lórí òkè, tí jíà kejì ò sì gbé e mọ́, àfi kó dúró pátápátá. Nítorí náà, kó fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ̀ ńlá tó wà níwájú, kó dúró kí ọ̀nà mọ́, kó tó gun ún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ sítíárì le ju èyí lọ. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, tó sì bọ́ sápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní sítíárì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá wà á lónìí, ẹ̀gbẹ́ igbó ló jókòó sí, kò sì lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú tírélà tó fẹ́ kọjá. Lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹni tó jókòó sápá òsì lè bá a wo iwájú. Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjá lára ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ ọlọ́wọ́-ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ẹ sì tó gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde rárá, ẹ lọ bá àwọn àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀, kí wọ́n sọ ohun tí òfin wí fún yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá yín dúró ní Ìtáwúrẹ́ pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn.

Ààbò náà ń kọ́? Lọ́jọ́ 29 oṣù kìíní 2024, wọ́n pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Elẹ́sun ti Ẹ̀sun, lójú ọ̀nà ní apá Ìkọ̀lé ní ìpínlẹ̀ Èkìtì kan náà. Apá ibòmíràn ni, kì í ṣe apá tiwa, síbẹ̀ ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ tí gbogbo ojú ń wò kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Ojúmọmọ ni ìrìn yìí. Ẹ fi Iléṣà sílẹ̀ nígbà tí ìrì bá ti gbẹ, kí ẹ sì wọ Èrìjìyàn kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí ọkọ̀ bá dá yín dúró tí ọjọ́ sì ti ń lọ, ibẹ̀ gan-an ni lóbẹ́ẹ̀dì ti wúlò: ẹ pè é, kó gbé e lọ sí ìlú tó súnmọ́ jù, kí ẹ sì gbàgbé ìgbéraga.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí mi ò ní sọ pé kí wọ́n wà rárá. Ọkọ̀ tí irú rẹ̀ ò ju mélòó kan lọ lágbàáyé, tí ìtàn kan so mọ́ ara irin rẹ̀ gan-an, tí a kò lè tún rí bí ó bá jóná tàbí tó bá wó, ilé ìṣúra ni àyè rẹ̀. MGB, Triumph, ìjàpá àti 504 kì í ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ṣe wọ́n fún ọ̀nà.

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé lóbẹ́ẹ̀dì ni yóò dín ìnáwó kù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sí ọ̀nà tó pọ́ọ́kú mọ́. Lóbẹ́ẹ̀dì ń gba owó àlọ àti àbọ̀, ó ń gba owó ọjọ́ tó bá fi dúró dè yín, epo dísù rẹ̀ sì pọ̀ ju bẹntiróòlù tí ọkọ̀ kékeré yóò mu lọ fíìfíì. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ ní Iléṣà, ó lè padà síṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi owó tó kù san ti mẹkáníìkì.

Àwọn èèyàn tí ọkọ̀ náà ń bá pàdé ṣe pàtàkì lójú mi ju owó lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ìnáwó, tí wọ́n nù, tí wọ́n sì tì sábẹ́ àtíbàbà, àwọn tí wọ́n pè nìkan ló rí i. Èyí tó gba Ẹ̀fọ̀n, Ìtáwúrẹ́, Èrìò àti Àrámọ̀kọ̀ wá, gbogbo ará ọ̀nà ló rí i. Àwọn ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì á dìde. Àgbàlagbà kan á sọ pé irú rẹ̀ ni dókítà òyìnbó kan ń wà nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Àwọn ọmọ iléèwé á sáré tẹ̀ lé e, ẹni tó ń wà á á sì gbọ́ kedere nígbà tí wọ́n bá kí i pé “Ẹ kú ìrìn o!”, torí kò sí òrùlé lórí ọkọ̀ rẹ̀. Ìlú kì í mọ̀ pé ẹnì kan ti dé bí kò bá gba ìgboro kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń wọ̀lú nílẹ̀ wa.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì ń wá ohun tí yóò mú kí àlejò máa rọ́ wá sí Ìkọ́gòsì, ibi tí omi gbígbóná ti ń sun, tí ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi, John McGee, mú kí ayé mọ̀ ní 1952. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dá ìrìn ọkọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ láti Àrámọ̀kọ̀ gba Èrìjìyàn dé Ìkọ́gòsì, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ẹ̀rùn. Kí wọ́n dí kòtò ojú ọ̀nà náà kí ọjọ́ tó pé. Kí wọ́n wá ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan sí Àrámọ̀kọ̀ níbi tí lóbẹ́ẹ̀dì yóò ti máa já ọkọ̀ àwọn tó bá gba ìhà Adó wá, kí lóbẹ́ẹ̀dì kankan má sì kọjá ibẹ̀. Kí wọ́n pe àwọn bàbá mẹkáníìkì Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti Àrámọ̀kọ̀, kí wọ́n san owó iṣẹ́ wọn, kí ọmọ iṣẹ́ méjì-méjì sì wà lọ́dọ̀ olúkúlùkù wọn. Ọkọ̀ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun Òkè Ẹ̀fọ̀n wá ni kí wọ́n fún ní ẹ̀bùn tó ga jù.